Bí Olóyè Adélékan Ṣe Gba Iwájú Afinimọ̀nà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbára ṣe ń gun ènìyàn, kò di ìgbà tó bá dé ààfin. Kó kàn wọ gbọ̀ngàn àdúgbò kan ní Tyrrelstown, ní Dublin, ní Sátidé kejì oṣù, ní agogo méjì ọ̀sán, nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá bá ń ṣèpàdé. Òjò á máa rọ̀ níta, ènìyàn mẹ́tàlélógójì á jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nítorí pé ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kì í tètè gbọ́ràn, gbogbo wọn á sì máa dúró de ọkùnrin kan ṣoṣo tí ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ sí ibẹ̀.

Ọkùnrin náà ni Olóyè Olúkúnlé Adélékan, Ààrẹ ẹgbẹ́, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dublin Port, níbi tó ti ń ka páálí tó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi Holyhead sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, ọmọ agbègbè Cavan kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, máa ń pè é ní "Kunle, good man". Ṣùgbọ́n bó bá ti di Sátidé, Kunle á kú, Olóyè á jí. Oyè wo ni? Ìlú wo ló fi í jẹ? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Kò sí ọba kankan tó lè dáhùn ìbéèrè náà.

Ẹni tó ń kéde rẹ̀ ni Elisha, alukoro ẹgbẹ́, tó ń gbé ní Huntstown, tó sì ń fi kíkan kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, tí àwọn ará Ireland ń pè ní press, jẹun. Ọwọ́ Elisha dára nínú iṣẹ́ pákó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló gbé e dé ipò.

"Ẹ dìde!" ni Elisha á ké bí Ààrẹ bá ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kìnnìún Dublin 15 ti dé! Àràbà tí òjò Ireland rọ̀ lé lórí títí tí kò rà! Ẹni tó sín ní Tyrrelstown, tí gbogbo Blanchardstown ní 'Ẹ pẹ̀lẹ́ o'!"

Ààrẹ, tó ń nu bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á gbé ọwọ́ sókè. "Ó tó, Elisha, ó tó. Mi ò fẹ́ àpọ́nlé púpọ̀." Á wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. "Tún un sọ, àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Láàárín ọdún mẹ́fà tó ti wà lórí àlééfà, Ààrẹ ti ṣe òfin mẹ́tàdínlógún. Òfin kẹrin sọ pé bí ohùn rẹ̀ bá wọlé sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ dìde dúró kó tó gbọ́ ọ. Táyéwò, tó ń wa bọ́ọ̀sì, gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nídìí ọkọ̀; àwọn èrò rò pé ó fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Òfin kẹsàn-án sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣíwájú Ààrẹ lórí àtẹ̀gùn tó ń gbé ènìyàn lọ sókè ní ilé ìtajà. Òfin kọkànlá ló wá le jù: "kò ṣeé ṣe" di èèwọ̀. Ẹni tí Ààrẹ bá rán níṣẹ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Ó ti ṣe, sà."

Ìṣòro kan ló kù. Ìwé òfin tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n kọ kí Ààrẹ tó mọ ọ̀nà ibẹ̀, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lò ju ọdún mẹ́fà lọ lórí ipò. Ọdún mẹ́fà náà yóò pé ní oṣù kọkànlá. Ààrẹ rò ó títí. Bí kò bá sí Sátidé mọ́, kí ló kù? Ọjọ́ Ajé, páálí, àti "Kunle, good man". Ló bá gbé àbá wá sí ìpàdé oṣù kẹsàn-án: kí wọ́n sọ òun di Ààrẹ Títí Ayé, kí wọ́n sì dìbò lé e lórí ní ìpàdé ọdọọdún.

Màmá Fèyíjìmí, àgbà ẹgbẹ́, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, nawọ́.

"Olóyè, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kékeré ni. Àwọn tí wọ́n ń fi irú oyè báyìí dá lọ́lá, wọ́n á ti ja ogun kan ni, tàbí kí wọ́n ti pa ẹranko kan. Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ akin wo la fẹ́ kọ síbẹ̀?"

Bímpé, akọ̀wé ẹgbẹ́, gbé bírò dúró. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Bímpé ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ìwà kan tí Ààrẹ ti bá a wí lé lórí lẹ́ẹ̀mejì.

"Kí ni kí n kọ, sà?"

"Fi àyè sílẹ̀," ni Ààrẹ wí. "Iṣẹ́ akin ń bọ̀."

Ó sì ṣe kòńgẹ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ti gbèrò tẹ́lẹ̀ láti lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní erékùṣù kan nínú Òkun Karíbíánì ní oṣù kẹwàá, láti fi ṣàjọyọ̀ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́. Oòrùn ni Bímpé bá lọ. Oorun ni Táyéwò bá lọ. Ààrẹ ní tirẹ̀ rí ìwé pélébé kan ní hòtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ kejì: ìrìn àjò jíìpù pẹ̀lú afinimọ̀nà, lọ sí ìhà àríwá erékùṣù, níbi tí títì kò sí. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, fún àwọn onígboyà nìkan.

"Elisha," ni Ààrẹ wí, ó sì fi ìka kan ìwé náà, "wò ó, èmi ni wọ́n ń bá wí."

Ìhà àríwá erékùṣù náà kò jọ àwòrán inú ìwé ìrìn àjò. Òkúta pupa ni láti ibí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tó ga ju ènìyàn lọ dúró káàkiri bí ọlọ́pàá tí kò rí owó oṣù gbà. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́ àwọn igi títí gbogbo wọn fi dọ̀bálẹ̀ sí apá kan, Ààrẹ sì gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí ìkíni. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó jáde nínú agbádá aláwọ̀ ojú ọ̀run. Wọ́n ní dandan ni kó dé akoto. Ó dé e lórí fìlà.

Afinimọ̀nà wọn ń jẹ́ Rosa, ọmọ erékùṣù náà, ọmọbìnrin kúkúrú kan tí kò ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, eruku sì ti wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Jíìpù mẹ́ta ló wà. Rosa á wa ti iwájú. Ààrẹ á wa ìkejì, pẹ̀lú Adéjùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ àti Elisha. Bímpé á wa ìkẹta, pẹ̀lú Táyéwò. Nínú jíìpù kọ̀ọ̀kan, kámẹ́rà kékeré kan wà níwájú tó kọjú sí àwọn tó jókòó, tí wọ́n á fi fídíò rẹ̀ ta àlejò lọ́rẹ bí ìrìn àjò bá parí.

"Ẹ tẹ̀lé ojú táyà mi," ni Rosa wí. "Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí òkúta tí a kùn ní funfun, ọ̀nà nìyẹn. Ẹ má gba iwájú mi. Ilẹ̀ yìí kì í mọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́."

Ààrẹ gbé ọwọ́ sókè. "Ọmọ mi, ìwọ lo máa wà níwájú?"

"Èmi ni mo mọ̀nà."

"Mímọ ọ̀nà lọ́tọ̀, iwájú lọ́tọ̀. Àgbà ló ń ṣíwájú. Máa bọ̀ lẹ́yìn, kó o sì máa fi ariwo sọ ibi tí mo máa gbà fún mi."

Rosa wo Adéjùmọ̀kẹ́. Adéjùmọ̀kẹ́ wo ojú ọ̀run.

"Ẹ̀yìn mi tàbí hòtẹ́ẹ̀lì," ni Rosa wí. "Ẹ mú ọ̀kan."

Ààrẹ mú ẹ̀yìn, ó sì fi ogún ìṣẹ́jú jẹ eruku. Eruku náà bo agbádá, ó bo irùngbọ̀n, ó wọ inú ẹnu tó ti sọ ọ̀rọ̀ níwájú kọ́nsẹ́lọ̀ méjì ní Blanchardstown. Elisha ń fi aṣọ ìnujú nù ún láti ẹ̀yìn, eruku ń padà.

"Eruku ọmọdé!" ni Ààrẹ ń kùn. "Eruku táyà ọmọ tí mo lè bí! Bí àwọn ará ilé bá rí fídíò yìí, kí ni wọ́n máa sọ?"

"Wọ́n á ní ẹ ń tẹ̀lé e ni," ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí. "Òótọ́ sì ni."

Wọ́n dúró lẹ́bàá ògiri ilé òkúta kan tó ti wó létí òkun. Rosa lọ kúnlẹ̀ wo táyà jíìpù Bímpé. Ààrẹ wo iwájú. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní ọdún mẹ́fà, kò tíì rí iwájú tó ṣófo tí kò lọ dúró sí. Ó tẹ iná mọ́ ọkọ̀.

"Sir!" Rosa dìde. "Sir!"

"Ó ń kí yín, sà!" ni Elisha ké, tó di irin orí ọkọ̀ mú. "Ẹ wo bí òkúta ṣe ń yà fún Bàbá! Ẹ wo bí òkun ṣe ń sá sẹ́yìn!"

Bímpé náà tẹ̀lé e, nítorí pé bí Ààrẹ bá lọ, ènìyàn á tẹ̀lé e ni. Ara ti mọ́ ọn. Wọ́n dé oríta kan. Òkúta funfun wà lápá òsì.

"Olúkúnlé, òsì ni," ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí.

"Adéjùmọ̀kẹ́, òkúta kì í pàṣẹ fún Ààrẹ. Ọwọ́ wo la fi ń jẹun?"

"Ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n…"

"Ọ̀tún la ó gbà!"

Ó sì yà sí ọ̀tún pẹ̀lú ariwo ńlá. Bímpé dé oríta náà, ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

"Ṣé a ò ní tẹ̀lé wọn ni?" ni Táyéwò bi í.

"Èmi ti tẹ̀lé wọn dé ibi tó mọ," ni Bímpé wí. "Màá dúró de ẹni tó mọ̀nà. I'm grand here, ibí dára fún mi."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá tó tẹ̀ lé e, ẹ ní sùúrù, ẹ̀yin òǹkàwé. A ó jọ wò ó ní Tyrrelstown. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí Rosa fi okùn fa jíìpù náà jáde níbi tó rì sí, Ààrẹ kò ní apá agbádá òsì mọ́, ẹrẹ̀ sì dé orókùn rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí ohun tẹ́ ẹ wá wò?" ni Rosa bi í.

"Àyẹ̀wò ilẹ̀ ti parí," ni Ààrẹ dá a lóhùn. Inú jíìpù Rosa ló jókòó sí padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, ní ìjókòó iwájú. Ó ṣáà dé iwájú.

Kó tó dé Dublin, ìtàn náà ti ga. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́rìí pé òun fi ọwọ́ ara òun la ọ̀nà sínú erékùṣù kan tí àwọn ọmọ ibẹ̀ gan-an ń bẹ̀rù. Apá agbádá ńkọ́? Ìjì ló gbé e lọ. Ìjì wo? Èyí tó ń mú orí ènìyàn já. Ìjọ pariwo Halelúyà. Ní ibi iṣẹ́, nígbà tó gbìyànjú rẹ̀ lára ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Cavan náà ní, "Good man, Kunle. Páálí ń dúró dè ọ́."

Ó wá ku fídíò. Ààrẹ na án sí Elisha nínú ọkọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Wo apá ìbẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ń sáré. Ìyẹn dára. Láti oríta lọ, gé e dànù. Gbogbo ẹ̀. Ìpàdé ọdọọdún la máa fi hàn."

Ẹ rántí pé káfíńtà ni Elisha. Kò tíì gé fídíò rí láyé rẹ̀. Ọkùnrin mìíràn ì bá ti ní, "Olóyè, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe." Ṣùgbọ́n òfin kọkànlá wà nílẹ̀. "Ó ti ṣe, sà," ni Elisha wí, kó tó gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì í ní Huntstown. Ó rí bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà aláwọ̀ góòlù sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó rí bí wọ́n ṣe ń fi ohùn kàkàkí sí i. Ibi tí wọ́n ti ń gé nǹkan ni kò rí. Ààrẹ pè é.

"Ṣé o ti gé e?"

"Ó ti gé, sà."

"Ṣé ó mọ́?"

"Ó mọ́ bí omi orí òkè Wicklow, sà."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ wò ó?"

Elisha la òógùn. "Ṣé Kìnnìún máa ń yẹ ẹran tirẹ̀ wò ni, sà?"

Ìdáhùn náà tẹ́ Ààrẹ lọ́rùn.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Òjò ń rọ̀. Ààrẹ wọ agbádá tó ku apá kan ṣoṣo náà, kí gbogbo ayé lè rí ọgbẹ́ ogun. Ìyìolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Dublin, wá jókòó lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí àlejò. Wọ́n paná. Lẹ́tà góòlù hàn lára ògiri: ÌṢẸ́GUN ERÉKÙṢÙ. Kàkàkí dún. Ààrẹ hàn nínú jíìpù, agbádá kún fún afẹ́fẹ́ bí àgọ́, òkúta ń fò, Elisha ń kì í. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Màmá Fèyíjìmí pàápàá mi orí.

Fídíò dé oríta. Ààrẹ dìde láti gba ìyìn rẹ̀.

Fídíò kò dúró.

Ààrẹ wo Elisha. Elisha wo àjà.

Lára ògiri, jíìpù náà já ọgbà igi kan wọlé, ó sì rì sínú ẹrẹ̀ tí ewúrẹ́ ti ń mumi. Ewúrẹ́ yọ láti ìhà gbogbo, bí ọgbọ̀n. Òbúkọ ńlá kan, tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti Ààrẹ lọ, gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó sì wo Ààrẹ lójú. Elisha ti wà lórí irin òkè ọkọ̀.

"Kìnnìún, ẹ bá a sọ̀rọ̀!" ni ohùn Elisha ń wí látòkè.

"Ẹran yìí," ni Ààrẹ inú fídíò wí, "ṣé o mọ ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀?"

Òbúkọ bu apá agbádá jẹ.

"Èmi ni Ààrẹ!"

Òbúkọ ń jẹ ẹ́ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́." Òbúkọ fà á. "Ẹ jọ̀ọ́, sà!"

Nínú gbọ̀ngàn, gbogbo ènìyàn na ọrùn. Ní ọdún mẹ́fà, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tí Ààrẹ pè ní "sà" létí wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ni Ààrẹ ń sunkún lára ògiri. "Ilé yín ni, mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ipò, ipò wà. Igbákejì Ààrẹ ṣófo nísinsìnyí! Ẹ gbà á! Ẹ ṣáà fi apá kejì sílẹ̀ fún mi!"

Táyéwò fò dìde nínú òkùnkùn. "Igbákejì? Ipò tí mo ti ń tọrọ láti ọdún méjì? Òbúkọ lẹ gbé e fún?"

"Ah, Dad," ni Ìyìolúwa wí lẹ́yìn. "Fair play to the goat, ó káre."

Lára ògiri, Adéjùmọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó tú ọ̀rá bísíkíìtì kan, ó sì mi ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ níbí," ó wí fún òbúkọ. Gbogbo agbo ẹran náà tẹ̀lé e jáde.

Màmá Fèyíjìmí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín arúgbó ni, ó bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́, ó sì mú gbogbo gbọ̀ngàn lọ. Àwọn kan di àga mú. Wọ́n tanná, wọ́n rí i pé Elisha ti wà lábẹ́ tábìlì.

"Akọ̀wé," ni Màmá wí, tó ń nu ojú, "àyè iṣẹ́ akin yẹn, jọ̀ọ́ má kọ nǹkan kan sí i. Ká máa dìbò."

Bímpé dìde. "Ẹni tó bá fẹ́ kí Olóyè jẹ́ Ààrẹ Títí Ayé, kó nawọ́."

Ọwọ́ kan lọ sókè, ọwọ́ òsì Ààrẹ fúnra rẹ̀, agbádá kò sì bò ó. Ààrẹ wo yíká. Ọwọ́ Elisha dìde dé ìdajì láti abẹ́ tábìlì, ó sì rántí pé orí ń yún un. Adéjùmọ̀kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú nítorí ẹ̀rín.

"Ẹni tí kò bá fẹ́?"

Ọwọ́ méjìlélógójì.

"Ó parí," ni Táyéwò wí.

"Kò tíì parí," ni Ààrẹ wí, ojú rẹ̀ le. "Akọ̀wé, ka òfin kẹtàdínlógún."

Bímpé ṣí ìwé. "Ìpinnu kankan kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, àfi bí Ààrẹ bá fi ẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Mi ò ní kéde."

Ó ká ọwọ́ pọ̀ lórí pèpéle. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Wọ́n dúró. Ó dúró. Ìpàdé há sórí òfin kan ṣoṣo, Ààrẹ sì rí i pé bí òun bá lè dákẹ́ títí, òun ni Ààrẹ títí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí láyé rẹ̀ tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ máa ṣe é láǹfààní.

Agogo mẹ́rin lù. Fergus, tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn, mi kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Time's up now, folks." Lẹ́yìn rẹ̀ ni ogún ọmọbìnrin kéékèèké tó wá kọ́ ijó ilẹ̀ Ireland dúró sí, pẹ̀lú wíìgì onírun kíká lórí àti bàtà líle lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó kóòtù wọn. Táyéwò lọ. Màmá lọ. Elisha gba ojú fèrèsé lọ. "Mo ń lọ gbé ọkọ̀ wá, Olúkúnlé," ni Adéjùmọ̀kẹ́ wí.

Ààrẹ nìkan ló kù lórí pèpéle, pẹ̀lú Bímpé tó ń wá bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọbìnrin náà wọlé, wọ́n jókòó sílẹ̀ láti dúró de olùkọ́ wọn, wọ́n sì gbé ojú sókè wo ọkùnrin tó wọ aṣọ ojú ọ̀run. Ogún ojú méjì-méjì. Wọn kò yẹjú.

Ààrẹ gbìyànjú. Kí Ọlọ́run jẹ́rìí rẹ̀, ó gbìyànjú. Ó pa ẹnu dé, ó wo ilẹ̀, ó wo àjà. Ṣùgbọ́n àwùjọ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sì wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ìkéde yẹn. Ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kún gbọ̀ngàn, "èmi, Olóyè Olúkúnlé Adélékan, ń fi ẹnu ara mi kéde lónìí fún gbogbo ayé pé, láti wákàtí yìí lọ, èmi kì í ṣe Ààrẹ mọ́!"

Wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọn kò lóye ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Ọ̀kan súfèé.

Bímpé yọ bírò lẹ́nu ọ̀nà. "Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje," ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ààrẹ kéde. Àwùjọ pàtẹ́wọ́." Ó pa ìwé dé, nítorí pé ọkùnrin náà ti tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ní òun ní ọ̀rọ̀ ìdágbére díẹ̀ tóun fẹ́ sọ, olùkọ́ sì ti wọlé, orin ti bẹ̀rẹ̀, ogún bàtà méjì-méjì ń lu pákó ilẹ̀, ẹnu Olóyè sì ń lọ lókè wọn, láìsí ẹni tó lè gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.